Lọ́yà Ẹni tí Gbogbo Ayé ti Dá Lẹ́bi

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní oṣù July ọdún 2025 tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà pé kóòtù ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní New York ti parí ẹjọ́ Sean Combs, olórin tí àwọn ọmọ ìwòyí mọ̀ sí Diddy. Àwọn èèyàn méjìlá tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà, àwọn tí òyìnbó ń pè ní júrì, ní kò jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta tó wúwo jù, ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi méjì tó jẹ mọ́ gbígbé èèyàn rìnrìn àjò nítorí iṣẹ́ aṣẹ́wó. Kí n tó jókòó dáadáa, àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń dúró de orí tirẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́, lọ́yà tó lè dìde gbẹjọ́ irú èèyàn yẹn rò, ṣé ó lọ́mọ obìnrin nílé báyìí? Àwọn méjèèjì ló yẹ kí wọ́n jọ tì mọ́lé." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ tó di orí mi mú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ oníwèé ìròyìn, kí lẹ rí sí i?"

Mo ní kó gbájú mọ́ orí tó ń gé, kó má lọ gé mi létí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi mọ̀ pé mo sá ni. Mo ní ìdí tí mo fi sá, màá sì sọ ọ́ kí n tó parí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo tún lọ wo fíìmù àtijọ́ kan tí mo ti wò nígbà tí mo kéré. The Great White Hope ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1970 ló jáde, Martin Ritt ló darí rẹ̀. Eré orí ìtàgé ni kó tó di fíìmù. Howard Sackler ló kọ ọ́, wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú Washington lọ́dún 1967, ó dé Broadway ní New York lọ́dún 1968, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún 1969. James Earl Jones tó ṣaláìsí lọ́dún 2024 ni olú eré náà. Bí ẹ kò bá mọ ojú rẹ̀, ẹ mọ ohùn rẹ̀: òun ni ohùn bàbá kìnnìún nínú The Lion King tí àwọn ọmọ wa ń wò títí tí kásẹ́ẹ̀tì fi já. Òun àti Jane Alexander ló gbé eré náà lé èjìká.

Ìtàn inú rẹ̀ rèé. Jack Jefferson jẹ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́wọ́ òyìnbó. Inú àwọn òyìnbó kò dùn. Wọ́n wá òyìnbó tó lè lù ú, wọn ò rí. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó ń bá òyìnbó obìnrin kan gbé, Eleanor lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ká wọn mọ́ inú ilé kékeré kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ìjọba àpapọ̀ kàn án pé ó gbé obìnrin kọjá ààlà ìpínlẹ̀ fún ìṣekúṣe. Wọ́n dá a lẹ́bi, ó sá kúrò nílùú, ó di ìsáǹsá káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù títí tí ìyà fi jẹ ẹ́ tán. Obìnrin náà pa ara rẹ̀. Jack lọ ja ìjà tó kẹ́yìn ní Havana ní ilẹ̀ Cuba, wọ́n sì lù ú bolẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn yóò ti mọ̀ pé Jack Johnson ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Ọmọ Galveston ní ìpínlẹ̀ Texas ni Johnson, ọdún 1878 ni wọ́n bí i. Ó gba àmì ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ Tommy Burns ní Sydney, ilẹ̀ Ọsirélíà, ní December 1908. Ní ọjọ́ 4 July 1910, ó lu Jim Jeffries, ẹni tí àwọn òyìnbó fi ṣe ìrètí wọn, ní ìlú Reno. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní ìlú púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀mí sì bọ́.

Ọjọ́ ikú erin là á rí oríṣìíríṣìí ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí wọ́n fi pa erin yìí, wọ́n ti pọ́n ọn sílẹ̀ kí ó tó ṣubú. Ní oṣù June 1910, ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó lu Jeffries, ààrẹ Taft fọwọ́ sí òfin kan tí James Mann, aṣòfin láti Illinois, gbé wá. Mann Act ni gbogbo ayé ń pè é. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kì í sábà dá sí i àfi tí ẹsẹ̀ bá ti ré ààlà ìpínlẹ̀ kọjá. Òfin Mann wá sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé obìnrin láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn fún iṣẹ́ aṣẹ́wó, tàbí fún ìṣekúṣe, tàbí fún ohun mìíràn tí kò bá ìwà rere mu.

Ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà. Kí ni "ohun mìíràn tí kò bá ìwà rere mu"? Ta ló máa wọ̀n ọ́n? Ní ọdún 1917, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní ọkùnrin tó bá mú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá ààlà, láìsí pé owó kan wọlé, wà lábẹ́ òfin náà. Ọdún 1986 ni wọ́n tó yọ gbólóhùn gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn kúrò, tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí òfin ti kà sí ọ̀ràn tẹ́lẹ̀. Òfin náà wà títí di òní. Òun ni wọ́n fi mú Combs lọ́dún 2025, tí adájọ́ fi fún un ní ẹ̀wọ̀n oṣù àádọ́ta ní October ọdún náà. Ọ̀bẹ kan náà ni, àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ èèkù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí fíìmù wa. Mi ò ní fi ẹ̀tàn kọ̀wé: fíìmù náà dára. Jones kò ṣe Jack bí ẹni mímọ́ tó ń gbàdúrà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi àwọn ọ̀tá rẹ̀ ṣẹ̀sín, ó ń fọ́nnu, ẹ ó sì rí i bí ẹ̀rín yẹn ti ń gbẹ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di pé ojú rẹ̀ nìkan ló kù. Jane Alexander kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ nígbà tí agbẹjọ́rò ìjọba ń bi í ní ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn, tó ń wá ọ̀nà láti fa ọ̀rọ̀ ìtìjú yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó ń wò ó lórí àga nílé yóò fẹ́ dìde fún un. Ibẹ̀ ni agbára fíìmù náà wà.

Ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ wà. Eleanor nífẹ̀ẹ́ Jack. Kò sí ẹni tó fipá mú un, kò sí ẹni tó ń fi í pawó, òun fúnra rẹ̀ ló ń pariwo pé òun fẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹ̀sùn náà jẹ́ irọ́ pátápátá lójú òǹwòran, kò sì sí nǹkan kan láti rò mọ́. Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò ìgbẹ́jọ́ kọjá. A kò mọ ẹni tó jẹ́ lọ́yà ọkùnrin náà débi pé a ó rántí orúkọ rẹ̀. Kí ni ẹni tó mọ́ bí ẹyin fẹ́ fi lọ́yà ṣe?

Ẹjọ́ Jack Johnson gan-an kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè rí ohun tí Sackler gé kúrò.

Ìyàwó Johnson, Etta Duryea, òyìnbó ni. Ó pa ara rẹ̀ ní Chicago ní September 1912. Àwọn tó kọ ìtàn ayé Johnson kò fi bò pé ó máa ń lu obìnrin náà, àti pé ní ọjọ́ Kérésìmesì 1910 ó lù ú tó fi dé ilé ìwòsàn. Ní October 1912, ìyá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lucille Cameron ké sí ọlọ́pàá pé Johnson ti gbé ọmọ òun lọ. Ìjọba mú Lucille, wọ́n tì í mọ́lé pé kó jẹ́rìí tako ọkùnrin náà. Ó kọ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti fẹ́ Johnson. Ìyẹn ni apá tí fíìmù fi ṣe Eleanor.

Ṣùgbọ́n ìjọba kò sùn. Wọ́n wá obìnrin mìíràn rí: Belle Schreiber. Aṣẹ́wó ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé aṣẹ́wó tó lókìkí jù ní Chicago, ó sì ti bá Johnson rìn káàkiri. Johnson ti já a sílẹ̀, inú sì ń bí i. Òun ló dúró níwájú adájọ́ George Carpenter ní Chicago ní May 1913. Ó ní nígbà tí òun wà ní Pittsburgh ní October 1910, Johnson fi owó dọ́là márùndínlọ́gọ́rin ránṣẹ́ sí òun kí òun fi wá sí Chicago, ó sì fún òun lówó láti gba ilé tí òun yóò ti máa ṣe iṣẹ́ òun. Johnson fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìrànlọ́wọ́ ni owó náà, pé kì í ṣe ti òwò. Òyìnbó ni gbogbo júrì. Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fi dé pé ó jẹ̀bi. Ní June 1913, adájọ́ fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti ọjọ́ kan, pẹ̀lú owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún dọ́là kan.

Lọ́yà Johnson ni Benjamin Bachrach. Òyìnbó ni òun náà, ará Chicago. Lọ́dún 1924, òun yìí kan náà ló bá Clarence Darrow dúró nínú ẹjọ́ Leopold àti Loeb, àwọn ọmọ olówó méjì tó pa ọmọ kékeré. Ẹ wò ó, ọkùnrin yìí kò yan oníbàárà tí aráyé fẹ́ràn. Ẹ fojú inú wò ó ní May 1913. Oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ẹni tí gbogbo òyìnbó Amẹ́ríkà kórìíra. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kórìíra rẹ̀ sí kì í ṣe ọ̀ràn rárá: pé ó dúdú, pé ó ń jàre, pé ó ń fẹ́ òyìnbó. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ tó korò: pé ó ń lu obìnrin. Iṣẹ́ lọ́yà ni láti sọ fún àwọn méjìlá náà pé, "Ẹ kò níláti fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí wọ́n bi yín ni pé, nígbà tí ó fi owó yẹn ránṣẹ́, kí ló wà lọ́kàn rẹ̀?" Eré tó wà nínú ìyẹn ju ti Havana lọ. Sackler ní i lọ́wọ́, ó jù ú nù.

Ẹnì kan lè ní ìbéèrè kékeré bẹ́ẹ̀, ṣé òun ló yẹ kó tú èèyàn sílẹ̀? Ó lè tú u sílẹ̀ o, nítorí òun gan-an ni òfin náà. Ní ọdún 1944, ẹjọ́ ọkọ àti ìyàwó kan dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ilé aṣẹ́wó ni wọ́n ń ṣe ní ìlú kan ní Nebraska, wọn kò sì jiyàn rẹ̀. Wọ́n kó méjì nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ ṣe ìsinmi ní Yellowstone àti Salt Lake City, wọ́n sì kó wọn padà sílé, ni iṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀. Kóòtù ìsàlẹ̀ dá wọn lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní rárá: ìrìn àjò fàájì ni wọ́n rìn, kì í ṣe ìrìn àjò aṣẹ́wó, ìpadàbọ̀ sílé kò sì yí i padà. Márùn-ún nínú àwọn adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀, mẹ́rin kò gbà. Ẹ lè bínú sí ìdájọ́ yẹn. Èmi náà kọ́kọ́ bínú. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fẹ́ fi ẹ̀sùn ṣíṣe ilé aṣẹ́wó kan èèyàn, kó fi í kàn án ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sùn àjò mú ẹni tí kò fi àjò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà tí wọ́n bá gbà mú ẹni burúkú lónìí, ọ̀nà náà ló máa wà ní ṣíṣí fún ẹni rere lọ́la.

Ní ọdún yẹn kan náà, 1944, wọ́n fi òfin Mann mú Charlie Chaplin, aláwàdà tí gbogbo wa mọ̀. Jerry Giesler, lọ́yà olówó gegere ní Hollywood, ló gbẹjọ́ rẹ̀ rò, júrì sì dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá lówó rí Giesler. Ẹni tí kò lówó ńkọ́? Láti ọdún 1938 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ pé kóòtù ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ ọ̀daràn fún ẹni tí kò ní lọ́yà, àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún 1964 ni òfin tó jáde pé kí ìjọba san owó lọ́yà náà, ọdún 1970 sì ni wọ́n dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún àwọn lọ́yà tí iṣẹ́ wọn kò ju gbígbẹjọ́ tálákà rò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ́ ẹjọ́ ìṣekúṣe ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ lónìí, ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni wọ́n wà. Orúkọ wọn kì í jáde nínú ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ wọn kò sì jọ ti inú sinimá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ wọn kì í dé iwájú júrì rárá. Olùjẹ́jọ́ á gbà pé òun jẹ̀bi, lọ́yà á máa bá ìjọba dúnàá-dúrà lórí iye ọdún. Òfin ti so ọwọ́ adájọ́ nínú púpọ̀ nínú wọn: ẹni tó bá gbé ọmọ tí kò pé ọdún méjìdínlógún kọjá ààlà fún ìṣekúṣe, ọdún mẹ́wàá ni ó kéré tán, adájọ́ kò lè dín in sí mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé tí aráàlú lè yẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2006 ṣe wí. Nígbà tí ìyà bá le tó báyìí, ó tọ́ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò bi ìjọba pé, "Ṣé ẹ dá a lójú? Níbo lẹ ti rí i?"

Mo mọ ohun tí àwọn ìyá tó ń ka ìwé yìí ń sọ lọ́kàn. Wọ́n ń sọ pé, "Obìnrin tí wọ́n ṣe níṣekúṣe ńkọ́? Ta ni lọ́yà tirẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Láyé Bachrach, kò sí òfin tó dí lọ́yà lọ́wọ́ láti tú gbogbo ìgbésí ayé obìnrin síta níwájú èrò. Láti ọdún 1978, òfin ẹ̀rí ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ti ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́, àyàfi ní ìwọ̀nba ìgbà. Èmi fara mọ́ ọn. Gbígbèjà ẹni kan kò ní kí a tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Lọ́yà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè tó le láì bú u.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ mìíràn dáhùn. Chuck Berry, ọ̀gá onígìtá, jẹ́ ẹjọ́ òfin Mann kan náà nítorí ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1960. Lọ́yà rẹ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn adájọ́ àgbà sì fagi lé ìdájọ́ náà, nítorí pé adájọ́ tó gbọ́ ọ ń fi àwọ̀ ara olùjẹ́jọ́ sọ̀kò ọ̀rọ̀ níwájú júrì. Ṣé Berry bọ́ nìyẹn? Kò bọ́. Wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ lọ́dún 1961, wọ́n tún dá a lẹ́bi, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Ìyàtọ̀ wo ló wá wà níbẹ̀? Ìyàtọ̀ ni pé ìdájọ́ kejì kò ní àbùkù ti àkọ́kọ́ lára. Kò sí ẹni tó lè sọ fún ọmọbìnrin náà pé nítorí pé ọkùnrin náà dúdú ni wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ẹ fi ti Johnson wé e. Ó sá lọ sí Kánádà, ó dé ilẹ̀ Faransé, ó pàdánù àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ fún Jess Willard ní Havana ní April 1915, ó padà wá fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní 1920, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n náà ní Leavenworth. Agbẹjọ́rò ìjọba fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn ìdájọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fìyà jẹ ọkùnrin náà, àmọ́ pé òun ni àpẹẹrẹ tó hàn jù nínú ibi tó wà nínú kí dúdú àti funfun máa fẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo ẹjọ́ náà jẹ́. Ní May 2018, ààrẹ Trump forí jì í, lẹ́yìn ọdún méjìléláàádọ́rin tí Johnson ti kú. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Etta tó nà dé ilé ìwòsàn, ta ló rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Belle Schreiber ńkọ́, bóyá òótọ́ ló sọ tàbí irọ́, ta ló bìkítà? Ìgbẹ́jọ́ àìṣòdodo ṣe ọkùnrin náà níbi, ó sì bo àwọn obìnrin náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Fíìmù 1970 wá gbé òkúta lé ibojì wọn nígbà tó pa gbogbo wọn pọ̀ di Eleanor kan ṣoṣo tí kò ní ẹjọ́ kankan sọ.

Mo ní màá sọ ìdí tí mo fi sá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó lé ní ogún ọdún báyìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn, kóòtù májísíréètì ni wọ́n pín mi sí. Wọ́n mú tíṣà kan wá pé ó ṣe ọmọ kékeré kan níṣekúṣe. Wọn ò tíì ka ẹ̀sùn rẹ̀ tán tí mo ti ní àkọlé lọ́wọ́: "Tíṣà Ọ̀bàyéjẹ́ Kó Sọ́wọ́ Ọlọ́pàá." Ọ̀gá mi yìn mí. Ìwé ìròyìn tà lọ́jọ́ náà. Kò sí lọ́yà tó fẹ́ gba ẹjọ́ náà, àfìgbà tí obìnrin kan, lọ́yà kékeré tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn èrò ń pòṣé sí i bó ṣe ń wọlé. Ìbéèrè tó bi ọlọ́pàá kò ju márùn-ún lọ, èyí tó kẹ́yìn sì ni pé ṣé wọ́n wo ìwé tí àwọn tíṣà ń fọwọ́ sí láàárọ̀ rí. Wọn ò wò ó. Ọkùnrin náà kò sí ní ìlú náà lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, ó wà níbi ìdánwò kan ní ìlú mìíràn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rí i níbẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀.

Mo kọ ọ́ mo gbé e fún ọ̀gá mi. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Kò jáde títí di òní.

Ṣùgbọ́n tíṣà náà nìkan kọ́ ló ń jí mi lóru. Ìyá ọmọ náà bá mi ní ẹnu ọ̀nà kóòtù. Kò bínú sí lọ́yà, kò bínú sí tíṣà. Ó kàn ní, "Bọ̀dá oníròyìn, ta ló wá ṣe é?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹni tó ṣe é wà ní àdúgbò níbẹ̀, ó ń jẹ, ó ń mu, nítorí pé gbogbo wa, ọlọ́pàá àti èmi oníròyìn, ti rí ẹni tí a fẹ́, a ò sì wá ẹlòmíràn mọ́. Oṣù mẹ́jọ ti lọ. Ọ̀nà ti dí. Bí kò bá sí ti lọ́yà obìnrin yẹn, tíṣà á wà lẹ́wọ̀n, ìyá á sì máa rò pé wọ́n ti gba ẹ̀san fún òun. Àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo gbọ́ ti ẹnì kan, mo dá a, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìdí nìyí tí mo fi ní àbùkù fíìmù The Great White Hope kì í ṣe kékeré. Ó kọ́ wa pé kí a gbèjà ẹni tí a ti mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn kò le. Ohun tó le ni kí a jẹ́ kí ẹnì kan gbèjà ẹni tí a rò pé ó ṣe é, kí a dákẹ́ kí a sì gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ráyè, ẹ wo fíìmù náà nítorí James Earl Jones, owó yín kò ní ṣòfò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Unforgivable Blackness, fíìmù ìtàn tòótọ́ tí Ken Burns ṣe lọ́dún 2004 lórí Jack Johnson gan-an. Ó gùn, kò sì ní eré ìfẹ́ tó ń mú omijé wá. Ṣùgbọ́n Belle wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, Etta wà níbẹ̀, ọwọ́ Johnson tó ń lù wà níbẹ̀, ìkórìíra tó fi í sẹ́wọ̀n náà sì wà níbẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ síwájú yín, ó fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún yín. Èmi ka èyí sí iṣẹ́ ọnà tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọ́kọ́ ló dùn ún wò jù.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ náà lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Mo wá sọ fún onígbàjámọ̀ pé mo ti ní ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè wo?" Ó ti gbàgbé. Mo ní, "Ti lọ́yà Diddy." Mo wá sọ ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó dá ẹ̀rọ tó fi ń gé irun dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tíṣà yẹn, ṣé ẹ ti lọ bẹ̀ ẹ́?"

Mi ò tíì lọ. Mo ń wá ibi tó wà.